Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Oògùn Ń Jẹ́ Lára Ẹ̀dọ̀ Tí Ara Fúnra Rẹ̀ Ń Bá Jà

"Ṣé yóò yè é?" Ìbéèrè tí ẹbí máa ń bi dókítà nìyẹn bó bá ti pe orúkọ àìsàn yìí, autoimmune hepatitis, tán. Mo gbọ́ ọ títí etí mi fi kún ní láàbù tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì tún gbọ́ ọ nínú ilé bàbá wa nígbà tó kan àbúrò mi obìnrin, Ìyá Mútíù, tó ń ṣe àdìrẹ níbí l'Óṣogbo. Ìdáhùn mi ò yí padà. Orúkọ àìsàn ò lè sọ iye ọdún tó kù fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe dá oògùn lóhùn ni ká máa wò. Ẹ bi mí nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ tún bi mí nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà lé lórí máa wà.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni bí ẹ óò ṣe máa tẹ̀ lé ìdáhùn yẹn fúnra yín, tàbí fún ẹni yín tí àìsàn náà ń ṣe. Èmi kì í ṣe dókítà, n ò sì ní sọ iye oògùn tí ẹ máa gbé mì. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ mi, òun ni mo mọ̀.

Autoimmune hepatitis ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn kiri, ló yíjú sí ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kì í ràn. Ìbálòpọ̀ kọ́ ló fà á, abẹ́rẹ́ kọ́, kì í sì í ṣe ìyà ọtí. Obìnrin ló ń bá jù, ṣùgbọ́n ọkùnrin àti ọmọdé náà ń ní in. Nítorí pé ojú ń pọ́n, tí ìtọ̀ sì ń dúdú, ibà pọ́njú ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é ládùúgbò, àgbo á wọlé, oṣù á sì máa lọ. Kárí ayé pàápàá, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ti ní àpá líle káàkiri ẹ̀dọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní cirrhosis, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí àìsàn náà lára rẹ̀.

Pé oògùn ń gba ẹ̀mí là nínú àìsàn yìí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́. Ní 1971, Sheila Sherlock, dókítà onímọ̀ ẹ̀dọ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún apá kan nínú àwọn aláìsàn ní prednisolone, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà àwọn ọmọ ogun ara, wọn ò fún apá kejì. Àwọn tó kú nínú àwọn tí kò gba oògùn fi púpọ̀púpọ̀ ju àwọn tó gbà á lọ. Azathioprine, tóun náà ń dín ìjà àwọn ọmọ ogun ara kù, dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sì ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ títí dòní. Nínú àwọn tó ń gba ìtọ́jú, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ṣì ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹ sọ ìyẹn fún ìyá àgbà tó ti ń sunkún ní gbọ̀ngán. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ìwé kan àti ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ ra ìwé tí ọmọ iléèwé ń lò, èyí tó nípọn díẹ̀. Ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, ALT, AST, bilirubin, total protein, albumin, IgG, PT, ẹ̀jẹ̀ funfun, platelet, iye prednisolone tí ẹ ń lò lọ́jọ́ yẹn, iye azathioprine, ìwọ̀n ara yín, àti àyè fún ọ̀rọ̀. ALT àti AST ni èròjà inú ẹ̀dọ̀ tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́. Bilirubin ni ohun tó ń mú ojú pọ́n. Total protein ni àpapọ̀ èròjà protein inú omi ẹ̀jẹ̀, albumin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, IgG sì ni ohun ìjà tí àwọn ọmọ ogun ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. PT ni bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì, platelet sì ni hóró tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ má kọ "ó dáa" tàbí "ó ti ń sọ̀ kalẹ̀" síbẹ̀. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ òkè tí láàbù yẹn fún nọ́ńbà náà, ìyẹn ibi tí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà kọjá, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí 40 ni òkè ALT ní láàbù kan, ó lè jẹ́ 35 tàbí 55 ní òmíràn.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ló ṣe pàtàkì jù, òun ló sì máa ń sọnù jù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èsì tí ẹ gbà kí ẹ tó gbé hóró oògùn kan mì, torí òun la óò fi wọn gbogbo èyí tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ti Ìyá Mútíù rèé: ALT 812, AST 690, bilirubin 96, total protein 94, albumin 29. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú bírò pupa.

Kí ẹ tó kúrò lórí ìlà àkọ́kọ́ yìí, ẹ rí i dájú pé wọ́n ti yẹ̀ yín wò fún hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn tí kòkòrò ń fà ní tirẹ̀. Ó pọ̀ nílẹ̀ wa, ẹlòmíràn sì ń gbé e kiri láìmọ̀. Prednisolone lè jí i dìde níbi tó sùn sí, a óò wá máa rò pé oògùn ò jẹ́ nígbà tó jẹ́ pé àrùn mìíràn ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

IgG ni ó máa ń fa ìnáwó. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, àwọn mìíràn á kó ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Ọgbọ́n kan wà tí àwa ará láàbù ń dá. Ẹ mú total protein, kí ẹ yọ albumin kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá kù ni globulin, IgG ló sì kó apá ńlá nínú rẹ̀. Ti àbúrò mi, 94 yọ 29, ó ku 65. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà kọjá 35. Kò lè rọ́pò IgG gidi, nítorí ibà àti àwọn àrùn mìíràn náà máa ń gbé e sókè, ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí ẹ kò bá rí owó IgG, ẹ óò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní parọ́ fún yín

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ibi tí mo ti lo ayé mi nìyí. Nọ́ńbà tó gòkè lójijì lè máà ti inú ẹ̀dọ̀ wá rárá.

Bí ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ bá ń fi abẹ́rẹ́ wá iṣan kiri, tó wá fi ipá tẹ ẹ̀jẹ̀ láti inú síríǹjì sínú ìgò, àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa á fọ́. AST wà nínú wọn, yóò sì tú jáde. Bí ẹ̀rọ bá yí ẹ̀jẹ̀ náà tán, omi tó wà lókè, tó yẹ kó ní àwọ̀ ìyeyè tó mọ́, á pọ́n. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní fi irú rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Á ní kí ẹ padà wá. Ẹ má bínú sí i. Èyí tó bá fi ṣe é tó sì fún yín ní nọ́ńbà ló yẹ kí ẹ bínú sí. Láàbù kan wà tí n ò ní dárúkọ tó fún wa ní AST tó ga fíofío nígbà tí ALT ò kúrò níbi tó wà. Mo bi wọ́n bí omi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe rí, wọ́n ń wo ojú ara wọn. A tún un ṣe níbòmíràn, AST padà sáyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo ALT ju AST lọ. AST wà nínú ẹran ara náà: ẹni tó gbé ẹrù wúwo tàbí tó gúnyán fún àlejò púpọ̀ lánàá lè rí i kó ga díẹ̀.

Bilirubin ní tiẹ̀ kò fẹ́ oòrùn. Ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbàgbé sẹ́bàá fèrèsé, bilirubin inú rẹ̀ á máa rẹlẹ̀ sí i, ẹ óò sì máa dunnú lásán. Bí ẹ bá rí ìgò yín nínú oòrùn, ẹ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àfojúdi.

Lákòótán ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀: láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò bó bá ṣeé ṣe, òwúrọ̀ ló sì dáa. Ìyá Mútíù máa ń yà á kó tó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀ kárí ayé tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní International Autoimmune Hepatitis Group fẹnu kò lórí ìwọ̀n kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tí ALT àti AST kò tíì já sí ìdajì iye tó wà tẹ́lẹ̀, oògùn ò tíì jẹ́ nìyẹn. Ẹ pín nọ́ńbà àkọ́kọ́ yín sí méjì, kí ẹ kọ ìdajì náà sí etí ìwé kí ọjọ́ tó pé. Ti àbúrò mi jẹ́ 406. Èsì tó dé jẹ́ 338. Ó ṣì ga ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ bíi ìlọ́po mẹ́jọ, ọkọ rẹ̀ sì ti fajú ro, ṣùgbọ́n èmi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìdá tó já ni mò ń wò. Ẹni tó já kíákíá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí ló sábà máa ń dé ibi tó dára.

Ẹ má retí kí albumin tètè gòkè bákan náà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ó sì máa ń lọ́ra. PT, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì, ni kí ẹ máa ṣọ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ burú gan-an. Bí ojú bá ń pọ́n sí i, tí PT ń gùn sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan tí oògùn ti wọra, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kẹrin rárá. Ilé ìwòsàn ńlá lọ̀nà, torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè nílò ẹ̀dọ̀ mìíràn.

Oṣù kẹfà

Ìwọ̀n kejì tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyí: kó tó kọjá oṣù mẹ́fà, kí ALT, AST àti IgG ti padà sí àárín ìlà tí láàbù fún wọn. Gbogbo wọn. Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jà. ALT 58 níbi tí òkè rẹ̀ jẹ́ 40, wọ́n á ní "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa kọ́ ló dáa. Iná tó kù díẹ̀ yẹn ló ń fi àpá lé ẹ̀dọ̀ lórí láìsí ìrora kankan títí ọdún á fi gorí ọdún. Àwọn tí nọ́ńbà wọn padà sípò pátápátá ni àpá wọn kì í sábà pọ̀ sí i, ti ẹlòmíràn tiẹ̀ ń dín kù. Àwọn tí kò padà sípò ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n já sí cirrhosis, tàbí kí wọ́n wá nílò kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún wọn. Tí ẹ bá ń wá ohun kan ṣoṣo tó ń sọ bí ọjọ́ iwájú yóò ṣe rí, ó wà nínú ìlà yìí.

ALT Ìyá Mútíù dé 34 kí oṣù kẹfà tó pé. Globulin rẹ̀ ṣì jẹ́ 39. Dókítà ò sọ̀ oògùn rẹ̀ kalẹ̀ kíákíá nítorí ìyẹn, ó sì tọ̀nà.

Ẹran ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́ ju ẹ̀jẹ̀ lọ kó tó rọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè mọ́ tónítóní fún oṣù púpọ̀ kí ìjà tó tán nínú ẹ̀dọ̀. Àbúrò mi ní bí ti aró ni: aṣọ tó ṣì tutù ń tan èèyàn, ó dìgbà tó bá gbẹ kí èèyàn tó mọ àwọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè fẹ́ tún gé díẹ̀ wò lára ẹ̀dọ̀ kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni fi oògùn sílẹ̀.

Bí oògùn ò bá jẹ́

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ẹ wá ewé náà.

Ewé àkọ́kọ́ wà nínú ilé: ṣé ẹ ń lo oògùn náà? Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń dun èèyàn. Ṣùgbọ́n prednisolone ń mú kí ojú wú rọ̀bọ̀tọ̀, kí ebi máa pani, kí oorun dá lójú. Wọ́n kí àbúrò mi kú oríire ní ibi ìnáwó kan ní Òkè-Fìà, wọ́n ní ayé ń yẹ ẹ́, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dé ilé, ó sunkún, ó sì gbé oògùn náà sínú àpótí. Ẹni tó bá ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn, ẹ ka hóró tó kù nínú páálí láìjẹ́ kó dà bí ọlọ́pàá. Bó bá sì jẹ́ pé owó ló tán, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má pín hóró oògùn sí wẹ́wẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ewé kejì: ṣé àgbo tàbí oògùn mìíràn wà nídìí ọ̀rọ̀? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àgbo, ìyá wa tà á ní Ìgbọ́nà. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè ka nọ́ńbà ẹ̀dọ̀ tí a ń da ohun méjì lé lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, títí kan èyí tí àǹtí yín mú wá láti abúlé.

Ewé kẹta: bóyá ọ̀rá ni. Ẹni tí prednisolone ti mú sanra lè ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀, ALT rẹ̀ á gbéra díẹ̀ nígbà tí IgG rẹ̀ wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́. Àfikún prednisolone á tún dá kún un ni. Ìwé yín tí ẹ kọ ìwọ̀n ara sí ló máa tú u fó.

Ewé kẹrin ti dókítà ni. Ó lè jẹ́ pé àìsàn mìíràn wà níbẹ̀ tàbí pé ó so pọ̀ mọ́ ti ọ̀nà òróòro, èyí tó ní oògùn tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé autoimmune hepatitis náà ni lóòótọ́, oògùn wà lẹ́yìn azathioprine: mycophenolate, tacrolimus. Obìnrin tó ṣì lè lóyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan mycophenolate láìjẹ́ pé dókítà bá a sọ̀rọ̀ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí, torí ó ń ba ọmọ inú jẹ́. Ẹ bèèrè fún onímọ̀ ẹ̀dọ̀ gan-an. Láti Òṣogbo, yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN níbí, Ifẹ̀ àti UCH n'Íbàdàn ò jìnnà.

Ẹ má fi oògùn sílẹ̀ torí pé ojú ti mọ́

Ojú máa ń mọ́ kí ọ̀rọ̀ tó tán. Àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù ní ó kéré tán, kí ìtọ́jú pé ọdún mẹ́ta, kí ọdún méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí nọ́ńbà gbogbo fi wà sípò láìyẹ̀, kí wọ́n tó ronú àtidá a dúró. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó dá a dúró tí àìsàn náà padà sí lára, púpọ̀ nínú wọn kó tó pé ọdún kan. Ó sábà máa ń gbọ́ oògùn bó bá padà dé, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ á ti san owó orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa lo azathioprine díẹ̀ títí ayé, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń bímọ, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Aláboyún kì í sábà nílò láti fi azathioprine sílẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ ni kí ẹ tún ojú là, torí ìgbà yẹn ló máa ń ru sókè.

Prednisolone, ẹ má dá a dúró lójijì láé. Ara ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè dá èèyàn wólẹ̀. Bí ẹ óò bá gbààwẹ̀ Ramadan, ẹ bi dókítà kí oṣù tó lé bóyá kí ẹ lò ó ní sààrì.

Azathioprine lè mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun dín kù, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ní ìlà rẹ̀ nínú ìwé, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mélòó kan. Ibà tàbí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dunni nígbà yẹn, ẹ má lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísítì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ allopurinol tí wọ́n ń fún ẹni tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ń dùn. Ó lè fa ìjàǹbá. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà nítorí prednisolone. Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, abẹ́rẹ́ yellow fever tí wọ́n ń béèrè ìwé rẹ̀ ní kòkòrò ààyè nínú, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ kí ẹ tó na apá.

Ẹni tó ti ní cirrhosis náà lè dá oògùn lóhùn dáadáa, kó sì pẹ́. Tirẹ̀ ni pé yóò máa ya síkáànù ikùn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà láti tètè rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, wọ́n á sì fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wú níbẹ̀. Platelet tó ń já wálẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà nínú ìwé yín, ẹ pe dókítà sí i. Bíbi ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ikùn tó wú pẹ̀lú ibà, tàbí kí ọ̀rọ̀ aláìsàn máa dàrú, òru kọ́, ọ̀sán kọ́, ẹ gbé e lọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé pẹ̀lú dókítà, ẹ mú ìwé náà dání pẹ̀lú páálí oògùn tó ṣófo. Ẹ ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn kí wọ́n tó pe nọ́ńbà yín, kí ẹ sì bi í ní ohun mẹ́ta: ṣé a ti dé àárín ìlà, kí ló kù bí a ò bá tíì dé ibẹ̀, ọjọ́ wo ni ká padà wá ya ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ tó dìde lórí àga.